Ilé Ọmọláńgidi Àlòkù: Ká Rà Á, àbí Ká Fi Í Sílẹ̀?

Ẹni tó bá rí ilé ọmọláńgidi lórí àtẹ, owó ẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ béèrè. Ìbéèrè yẹn ò burú, àmọ́ òun kọ́ ló ṣòro jù. Ó ti lé ní 450 ọdún báyìí tí àwọn ènìyàn ti ń ra irú ilé yìí, tí wọ́n ń kọ́ ọ, tí wọ́n ń jogún ẹ̀, tí wọ́n sì ń tà á fún ẹlòmíràn. Ní gbogbo ìgbà náà, ohun tó ń wọ inú ilé ló ń jẹ owó, ẹni tí wọ́n torí ẹ̀ kọ́ ilé ló sì ń dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

Kí ẹ̀yin ará ọgbà má baà rò pé bèbí onírọ́bà tí wọ́n ń tà lójú títì ni mò ń wí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó yé wa. Ilé kékeré ni, pákó ni wọ́n fi kàn án, ẹ̀yìn rẹ̀ tàbí iwájú rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ kí ojú lè rí gbogbo yàrá lẹ́ẹ̀kan náà. Ibùsùn wà níbẹ̀, ààrò wà níbẹ̀, àtẹ̀gùn wà níbẹ̀. Gbogbo ẹ̀ ò ju ohun tí ènìyàn lè fi ìka méjì mú lọ. Èyí tó bá wá nínú páálí, tí òǹrà máa fọwọ́ ara rẹ̀ tò, òun ni Òyìnbó ń pè ní kit. Irú páálí bẹ́ẹ̀ kan, àlòkù, ló gbé mi dé ìdí ìtàn yìí. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá kí n rà á. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn tó ra ohun tí kò mọ̀, ó yẹ kó bi àwọn tó ti rà á ṣáájú, àwọn yẹn sì ti kú tipẹ́. Ìtàn wọn ló kù.

Ọdún 1557 sí 1558 ni Albrecht Karùn-ún, olórí ilẹ̀ Bavaria ní Jámánì, ní kí wọ́n kọ́ ọ̀kan fún òun ní ìlú Munich. Òun ni ilé ọmọláńgidi àkọ́kọ́ tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà. Àwọn kan ní ọmọbìnrin rẹ̀ ló fẹ́ fi ta lọ́rẹ. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àárín àwọn nǹkan àràmàǹdà tí olórí náà ń kó jọ ni wọ́n gbé e sí, níbi tí àwọn àlejò pàtàkì ti ń wò ó tí wọ́n ń mi orí. Ní 1598 wọ́n ka gbogbo ẹrù náà sínú ìwé, ìwé yẹn ló sì sọ fún wa pé ilé alájà mẹ́rin ni, ó ní ilé ẹṣin, ó ní ilé ìdáná, ó ní ilé ìwẹ̀. Ní 1674 iná jó o. Ìwé tí wọ́n fi ka ẹrù ni ohun tó ṣẹ́kù.

Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí irú ẹ̀ tún ń bọ̀.

Nuremberg ló kàn, Jámánì náà ni. Ìlú àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ni: àwọn alágbẹ̀dẹ fàdákà, àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà, àwọn tó ń rọ ìkòkò idẹ. Tó bá jẹ́ pé ìkòkò tó kéré bí èékánná lo ń wá, ibẹ̀ lo máa rí i. Níbẹ̀ ni obìnrin kan tó ń jẹ́ Anna Köferlin ti kó ilé ọmọláńgidi tirẹ̀ jọ, tó sì ṣílẹ̀kùn fún aráàlú ní 1631 kí wọ́n wá wò ó. Owó ni wọ́n ń san. Ó tún tẹ ìwé pélébé kan jáde, àwòrán ilé náà wà lára rẹ̀, ewì náà wà lára rẹ̀, tó ń pe àwọn ọmọdé pé kí wọ́n wá fojú sílẹ̀ wo bí ilé tó létò ṣe ń rí, kí tiwọn náà lè létò lọ́jọ́ kan.

Akéwì ni mí, mi ò lè sáré kọjá níbẹ̀. Ẹ wo ọdún yẹn dáadáa. Ogun tí wọ́n ń pè ní Ogun Ọgbọ̀n Ọdún ti ń jà láti 1618. Ní 1632, ọdún kan péré lẹ́yìn tí Köferlin ṣílẹ̀kùn, ọmọ ogun Sweden àti ọmọ ogun olú-ọba kojú ara wọn lẹ́bàá Nuremberg, ebi àti àrùn sì wọ inú ìlú, wọ́n pa ènìyàn bí ẹni ń ká ilá. Ìyẹn ni pé ìyàn ti dé ẹnu odi nígbà tí obìnrin yìí ń fi han àwọn ọmọ pé ibi ṣíbí ni ṣíbí ń gbé, ibi àwo ni àwo ń gbé. Mi ò mọ̀ bóyá ká pe ìyẹn ní ìgboyà àbí àìbìkítà. Èmi gbà pé ìgboyà ni. Ilé náà ti parẹ́. Ìwé pélébé yẹn kò parẹ́. Òun la fi mọ̀ pé ilé kan wà rí. Ẹ̀yin tí ẹ ń bú ìwé ìròyìn wa pé ìwé ẹ̀dà ni, pé yíǹkì ń ràn mọ́ ọwọ́, ẹ gbọ́ o.

Amsterdam ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ owó ti hàn gbangba jù. Petronella Oortman, opó ni nígbà tó fẹ́ Johannes Brandt, oníṣòwò sílíìkì, ní 1686. Láti nǹkan bí ọdún yẹn ló ti ń kó ilé ọmọláńgidi tirẹ̀ jọ títí di nǹkan bí 1710. Kọ́bọ́ọ̀dù ńlá ni, wọ́n fi igbá ìjàpá ṣe ara rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Ẹni tó bá ṣí ìlẹ̀kùn rẹ̀ á bá yàrá mẹ́sàn-án nínú. Gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ni wọ́n ṣe bí ẹni ṣe ti gidi: aṣọ tí wọ́n ká sínú àpótí, apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n hun, àwo tánganran tó wá láti ilẹ̀ Ṣáínà, tí kò tóbi ju bọ́tìnì lọ. Wọ́n ní ó ná 20,000 sí 30,000 guilder lé e lórí. Owó yẹn tó ra ilé gidi, ilé tí ènìyàn ń sùn tó ń hanrun nínú ẹ̀, ní ẹ̀bá ọ̀kan nínú àwọn odò àfọwọ́gbẹ́ ìlú náà.

Ọ̀pọ̀ ló máa ń ka èyí tán tí wọ́n á ní aláṣejù ni. Ẹ rọra. Ẹ ṣírò ọdún yẹn: ó lé ní ogún. Kò jókòó lọ́jọ́ kan kó ka owó ilé sílẹ̀. Ó ra àga kan lónìí, ó tún ní kí wọ́n hun apẹ̀rẹ̀ kan lọ́dún tó ń bọ̀, àwo mẹ́ta dé pẹ̀lú ọkọ̀ òkun. Bó ṣe ń lọ nìyẹn títí owó fi di odindi ilé. Bí ẹnikẹ́ni nínú wa ṣe ń fi káàdì ìpè ₦200 ₦200 jẹ owó oúnjẹ títí oṣù fi parí, ọgbọ́n kan náà ni. Ní nǹkan bí 1710, ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Jacob Appel ya ilé náà. Ilé àti àwòrán méjèèjì wà ní Rijksmuseum ní Amsterdam títí dòní. Nínú àwòrán, àwọn ọmọláńgidi ń gbé inú àwọn yàrá, wọ́n wọṣọ, wọ́n dúró. Ẹni tó bá lọ wo ilé náà fúnra rẹ̀ lónìí á bá àga, á bá ibùsùn, á bá àwo; àwọn tó ni ilé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Àbí kí la fẹ́ pe ilé ọmọláńgidi tí kò ní ọmọláńgidi?

Sáà tó tẹ̀lé e kò gba mí lákòókò púpọ̀. Ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ilé iṣẹ́ ńláńlá bọ́ sí i: ti Moritz Gottschalk ní Jámánì, ti Bliss ní ìpínlẹ̀ Rhode Island ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ń lẹ bébà aláwọ̀ mọ́ pákó, tó fi jẹ́ pé bíríkì jẹ́ àwòrán, fèrèsé pàápàá lè jẹ́ àwòrán. Ó mú kí ó dínwó. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ kì í ṣe oníṣòwò sílíìkì náà lè ní ọ̀kan, wọ́n sì lè fọwọ́ kàn án láìsí ẹni tó máa pariwo lé wọn lórí. Lójú tèmi, ìgbà yẹn gan-an ni ilé ọmọláńgidi tó di ohun ìṣeré.

Nísinsìnyí, Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ìtàn yìí ti kàn wá gan-an.

Ní 1921, Princess Marie Louise, ìbátan ọba Gẹ̀ẹ́sì, mú àbá wá pé kí wọ́n kọ́ ilé ọmọláńgidi kan fún Queen Mary. Edwin Lutyens ló yàwòrán rẹ̀, ọkùnrin kan náà tó ń yàwòrán ìlú New Delhi fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Íńdíà. Íǹṣì kan nínú ilé náà dúró fún ẹsẹ̀ bàtà kan níta, ìwọ̀n yẹn sì ni ọ̀pọ̀ ilé ọmọláńgidi ń tẹ̀lé dòní. Omi ń yọ lẹ́nu ẹ̀rọ, iná mànàmáná ń tàn, ẹ̀rọ tó ń gbé ènìyàn ròkè ń ṣiṣẹ́ bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ènìyàn tó máa gbé, wáìnì gidi wà nínú ìgò. Arthur Conan Doyle kọ ìtàn Sherlock Holmes kékeré kan sí ilé ìkàwé rẹ̀. Wọ́n bẹ George Bernard Shaw náà, ó kọ̀ jálẹ̀. (Mo fẹ́ràn kíkọ̀ yẹn gan-an.)

Ní 1924 wọ́n parí ẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí Àfihàn Ilẹ̀ Ọba Gẹ̀ẹ́sì tó ń lọ lọ́wọ́ ní Wembley. Ó lé ní mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ ènìyàn tó tò lọ wò ó láàárín oṣù bíi mélòó kan. Ṣùgbọ́n nínú ọgbà kan náà, wọ́n mọ odi pupa kan bíi ti àwọn ìlú Òkè Ọya, wọ́n sì fi Nàìjíríà, Gold Coast àti Sàró sínú rẹ̀. Wọ́n kó àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ láti ilẹ̀ wa lọ síbẹ̀: ahunṣọ, alágbẹ̀dẹ, oníṣẹ́ awọ. Wọ́n ń gbé níbẹ̀, wọ́n ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n ń dáná níbẹ̀. Èrò sì ń dúró wò wọ́n.

Ẹ fi méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn fún mi. Ilé kan wà tí kò sí ẹni tó lè gbé inú rẹ̀, síbẹ̀ wọ́n bẹ àwọn òǹkọ̀wé ńlá kí wọ́n kọ ìwé sí i, wọ́n fa omi sí i. Ilé kejì, ènìyàn ẹlẹ́ran ara ló wà níbẹ̀, ẹni tó ní orúkọ, tó ní oríkì, tó ní ẹni tó ń retí rẹ̀ nílé. Èrò sì ń yọjú wò ó bí ẹni yọjú wo inú kọ́bọ́ọ̀dù. Mo ti rí ẹni tó kọ̀wé nípa ti àkọ́kọ́ tí kò dárúkọ ìkejì rárá. Mi ò mọ bí ènìyàn ṣe lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà ò dákẹ́. Ládipọ̀ Ṣólańkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta tó ń kẹ́kọ̀ọ́ òfin níbẹ̀, kọ̀wé ní 1924 láti tako ohun tí ìwé ìròyìn kan ní Lọ́ńdọ̀nù kọ nípa Nàìjíríà, tó ní ẹran ènìyàn ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀. Ní 1925, òun àti Herbert Bankole-Bright, dókítà ará Sàró, pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn dá Ẹgbẹ́ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, WASU. Mi ò sọ pé torí ilé ọmọláńgidi ayaba ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀ o; ọ̀pọ̀ nǹkan ló ń dùn wọ́n. Ọ̀kan nínú ẹ̀ ni pé àwọn onílé ní Lọ́ńdọ̀nù kì í fẹ́ fún aláwọ̀ dúdú ní yàrá. Ní 1929 Ṣólańkẹ́ wọ ọkọ̀ òkun wá sílé, ó ń lọ láti ìlú dé ìlú ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà títí di 1932, ó ń tọrọ owó láti fi gba ilé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ní 1933 wọ́n ṣí ilé náà ní Camden Road. Yàrá wà níbẹ̀, ibi ìjókòó wà níbẹ̀, oúnjẹ wa sì wà níbẹ̀. Ẹni tó wà nínú ilé yẹn ló ní kọ́kọ́rọ́. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ti Wembley nìyẹn.

Ìtàn yẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé wíwo inú ilé ẹlòmíràn láti òkè lè di ìwà burúkú. Kò fi dandan rí bẹ́ẹ̀ ṣá. Frances Glessner Lee, obìnrin olówó ní Amẹ́ríkà, lo irú ìwò kan náà fún nǹkan mìíràn. Láàárín ọdún 1940 sí 1950, òun àti káfíńtà rẹ̀, Ralph Mosher, kọ́ àwọn yàrá kéékèèké, íǹṣì kan fún ẹsẹ̀ bàtà kan, òkú wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọlọ́pàá ló kọ́ ọ fún. Ó fẹ́ kí wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń fojú wá ìdí ikú láìfi ìkánjú ba ẹ̀rí jẹ́, láìsì ro pé òkú tálákà ò tó wádìí. Ó ń fi abẹ́rẹ́ hun ìbọ̀sẹ̀ tí kò gùn ju ìka lọ, nítorí ìbọ̀sẹ̀ lè jẹ́ ẹ̀rí. Méjìdínlógún nínú àwọn yàrá náà wà ní Baltimore, wọ́n sì ṣì ń fi wọ́n kọ́ni níbẹ̀. Àwọn yàrá yẹn ò dùn ún wò. Àánú ló pọ̀ nínú wọn.

Ní Amẹ́ríkà náà ni ilé inú páálí ti gbilẹ̀, pàápàá láti bí ọdún 1970 lọ. Ẹ̀rọ ló máa ń gé àpẹẹrẹ ògiri, àtẹ̀gùn àti fèrèsé sára pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, irú èyí tí àwọn káfíńtà wa ń pè ní plywood. Òǹrà á tẹ ẹyọ kọ̀ọ̀kan jáde bí ẹni ń já oògùn kúrò lára pálí rẹ̀, á fi etí kan bọ ihò kejì, á fi gọ́ọ̀mù sí i. Greenleaf ṣe é, Dura-Craft ti Oregon ṣe é. Dura-Craft ti kógbá wọlé kí ọ̀rúndún tó yí, síbẹ̀ àwọn páálí rẹ̀ ṣì ń kiri ọjà àlòkù, torí ọ̀pọ̀ ènìyàn ra ilé tí wọn ò kọ́. Wọ́n rà á nígbà tí ọmọ wà ní kékeré. Kí wọ́n tó rí àyè, ọmọ ti lọ yunifásítì.

Irú ilé tí wọn ò kọ́ bẹ́ẹ̀ ni mo bá pàdé ní ṣọ́ọ̀bù ẹrù tòkunbọ̀ kan, láàárín báìkì ọmọdé àti fáànù. Omi ti kan ìdí páálí náà. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù pe ₦18,000.

"Sítúdẹ́ǹtì, pákó Amẹ́ríkà ni o. Ẹ ò lè rí irú ẹ̀."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n ṣí i wò ná."

Ó ní tí mo bá ti ṣí i, mo ti rà á nìyẹn. A fà á síhìn-ín, a fà á sọ́hùn-ún, ó jẹ́ kí n ṣí i.

Àwọn tó mọ̀ nípa ilé àlòkù inú páálí máa ń wo nǹkan díẹ̀, mo sì wò wọ́n. Àkọ́kọ́ ni ìwé atọ́nà, òun ló ṣe pàtàkì jù. Pákó tó bá sọnù, káfíńtà lè gé òmíràn. Ìwé atọ́nà tó bá sọnù, tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é sì ti kú, o ti di aláfọ̀ṣẹ nìyẹn. Ìwé náà wà, ó pọ́n díẹ̀ létí. Ẹ̀ẹ̀kejì, ṣé àwọn ẹyọ ṣì wà lára pákó wọn àbí wọ́n ti já? Ibi tí ẹyọ kan wà lára pákó ni wọ́n fi ń dá a mọ̀ nínú ìwé. Tí gbogbo ẹ̀ bá ti já sínú páálí, ẹ ti kó ẹ̀wà pọ̀ mọ́ ìrẹsì, ẹ máa ṣà á. Díẹ̀ ti já, èyí tó pọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta, mo tẹ́ pákó sílẹ̀ bóyá ó ti tẹ̀. Mẹ́ta ti tẹ̀ nítorí omi yẹn, àmọ́ tí ènìyàn bá gbé nǹkan wúwo lé e fún ọjọ́ mélòó kan, ó lè nà padà. Mo gbóòórùn rẹ̀ bóyá ó ti bu. Mo wá ikán. Mo kà á: ojú pákó 21 ni ìwé sọ, 19 ló wà.

Ẹnì kan ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ rí. Ògiri kan ti lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ yàrá pẹ̀lú gọ́ọ̀mù gbígbóná, èyí tó máa ń gbó tó sì máa ń jábọ́ tó bá yá. Mo tì í báyìí, ó bọ́ sí mi lọ́wọ́. Lára ògiri yẹn, ẹni náà ti fi pẹ́ńsù kọ "kitchen". Ó ti mọ ibi tí ilé ìdáná òun máa wà. Ibẹ̀ ló dúró sí. Àìsàn ni àbí ìkọ̀sílẹ̀, àbí ó kàn sú u, a ò lè mọ̀. Ẹni tó bá ra ilé inú páálí lọ́wọ́ ẹlòmíràn ti jogún ìpinnu ẹlòmíràn, títí kan ìpinnu láti fi í sílẹ̀.

Mo dúró níbẹ̀, mo ń bá ara mi jà. Gbogbo ìtàn tí mo sọ lókè yìí ló wà lórí mi. Oortman ń sọ fún mi pé ₦18,000 kọ́ ni owó ilé náà: gọ́ọ̀mù gidi ti káfíńtà wà níbẹ̀, ọ̀dà wà níbẹ̀, iyanrìn bébà wà níbẹ̀, àga ò tíì wọlé, bẹ́ẹ̀ owó ìwé sáà yìí ò tíì pé lọ́wọ́ mi. Àyè tún ńkọ́? Tí ilé náà bá dúró tán, á fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà méjì ààbọ̀, àwa mẹ́rin la sì jọ ń gbé yàrá kan. Àkókò ńkọ́? Oṣù púpọ̀ ni, kì í ṣe òpin ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tó bá gbọ́ iye yìí tó ní kí n fi sílẹ̀, mi ò ní bá a jà.

Ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ kọ́ ọ fún? Àbúrò mi obìnrin ni, ọmọ ọdún mẹ́jọ, tó máa ń fi yẹ̀pẹ̀ tútù bo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó máa fà á yọ tí yóò di ilé, tí òjò á sì wó o ní ìrọ̀lẹ́. Ilé Munich tí wọ́n ń wò láti òkèèrè ò lè ṣe é ní nǹkan kan. Èyí tí wọ́n gbà kó fọwọ́ kàn ló fẹ́, tó lè fọ́ kó tún un ṣe. Mi ò sì fẹ́ kó jẹ́ ilé tó wà lára páálí yẹn gan-an ló máa kọ́, ilé olójò yìnyín tó ní ibi ìdáná oníèéfín nínú gbogbo yàrá, tó máa jókòó síwájú rẹ̀ tó máa yọjú sí ayé ẹlòmíràn. Lẹ́yìn Wembley, ìyẹn ò tù mí lára. Mo tún ìwé atọ́nà wò. Yàrá mẹ́fà ni, a lè tò wọ́n kí mẹ́rin kọjú síra wọn, kí àgbàlá wà láàárín. Àwọn ibi ìdáná yẹn á di kọ́bọ́ọ̀dù. Bébà ògiri ò nílò owó; àwọn télọ̀ tó wà lẹ́nu géètì ń da àgékù àdìrẹ nù lójoojúmọ́. Ibi tí ẹni àkọ́kọ́ kọ "kitchen" sí nìkan ni mi ò ní yí padà. Ó ti sọ pé ilé ìdáná ni, kó jẹ́ ilé ìdáná.

Pákó méjì tó sọnù, mo fi ìwé wá wọn rí: òrùlé ni, apá ọ̀tún àti apá òsì. Mo fi han Ẹ̀gbọ́n pé ilé tó ń tà fún mi ò ní òrùlé. Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé mo rò pé òjò máa rọ̀ sí i ni? Mo san ₦9,500.

Káfíńtà tó ń tún bẹ́ǹṣì ṣe ní àdúgbò wa ló wọn òrùlé náà fún mi látinú ìwé atọ́nà. Kò béèrè ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Ó kàn bi mí bóyá pákó lásán ni mo fẹ́ àbí mo ṣì máa kan páànù lé e, torí páànù gbọ́dọ̀ yọ díẹ̀ kọjá ògiri. Mo ní kó fi àyè sílẹ̀ fún páànù. Agolo mílíìkì mẹ́rìnlá ti wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi.